Àsọtẹ́lẹ̀ kọ́ ni kọ̀ǹpútà ń sọ nípa kẹ́míkà àti jẹjẹrẹ

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín láti Abuja. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé kí a máa fi Yorùbá pe iṣẹ́ tí àwòṣe kọ̀ǹpútà (computer model) ń ṣe láti dá kẹ́míkà tó lè fa jẹjẹrẹ mọ̀ ní "àsọtẹ́lẹ̀ ẹ̀rọ". Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀ yóò máa retí ìmúṣẹ, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà kò ríran. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń wo bí àwọn átọ́ọ̀mù kẹ́míkà kan ṣe so mọ́ra, ó sì ń fi í wé àwọn mìíràn tí a ti dán wò, yálà lára bakitéríà Salmonella, gẹ́gẹ́ bí Bruce Ames, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, ti fi lélẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, tàbí lára eku tí wọ́n fún ní kẹ́míkà náà fún nǹkan bí ọdún 2.

"Ìfojúdíwọ̀n" ni mo fọwọ́ sí. (Àwọn olùkọ́ ìṣirò ti ń lò ó, n kò rí ìjà níbẹ̀.) Kẹ́míkà tí àwòṣe bá sì nàka sí, ẹ jẹ́ kí a pè é ní "afurasí", bí àwọn oníròyìn ti ń pe ẹni tí ọlọ́pàá mú tí adájọ́ kò tíì dá lẹ́bi. Apá ara rẹ̀ tó fa ìfura yóò sì jẹ́ "àmì ìfura". "Afajẹjẹrẹ" tí ẹlòmíràn dábàá dára, ṣùgbọ́n kí a fi í mọ sára irú bẹnsíìnì (benzene) àti aflatoxin, májèlé inú oúnjẹ tó bu, tí IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ní Lyon, ilẹ̀ Faransé, ti fi sí ìsọ̀rí 1, ti àwọn tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Dichlorvos, tó máa ń wà nínú ọta-piapia tí wọ́n ń tà kiri ọjà wa níhìn-ín, wà ní ìsọ̀rí 2B: ó ṣeé ṣe kó fà á, a kò tíì lè sọ pé ó ń fà á.

Ibi tó tilẹ̀ le jù ni ìgbà tí àwòṣe kò bá rí nǹkan kan. Àwọn kan ti túmọ̀ èyí sí "kò léwu", èyí tí mo kà sí àṣìtúmọ̀ tó léwu fúnra rẹ̀. Aflatoxin inú ẹ̀pà tàbí àgbàdo tó bu, ìgbà tí ẹ̀dọ̀ bá yí i padà ló ń lẹ̀ mọ́ DNA, ohun àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì, nítorí náà àwòṣe tí kò bá ka iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ kún lè jẹ́ kí irú rẹ̀ lọ láìfura. Láti 2014 ni ICH M7, ìlànà àgbáyé lórí ìdọ̀tí inú oògùn, ti gbà kí àwọn tó ń ṣe oògùn fi irú àwòṣe 2 yẹ ìdọ̀tí náà wò, ọ̀kan tó ń tẹ̀lé òfin àwọn onímọ̀, èkejì tó ń tẹ̀lé ìṣirò. Níbẹ̀, "a kò rí àmì ìfura" nìkan ni Yorùbá tó tọ́.

Ó ku kẹ́míkà tí ìrísí rẹ̀ jìnnà sí gbogbo èyí tí àwòṣe ti kọ́, tí ìfojúdíwọ̀n rẹ̀ kò sì ṣeé gbára lé. "Àjèjì" ni mo ń lò fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó sàn jù, kó jọ̀wọ́ mú un wá.