Ìgbéró ni, kì í ṣe ìmúpadàbọ̀sípò

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹni tó dá a lábàá pé kí a máa pe "rehabilitation", iṣẹ́ tí àwọn físíò (àwọn tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé ara) àti àwọn dókítà jọ ń ṣe, ní "ìmúpadàbọ̀sípò" ṣe dáadáa. Ó bá ẹni tó kán lẹ́sẹ̀ mu, torí ẹsẹ̀ yóò jinná. Àmọ́ kò bá ọmọ tó ní àrùn Duchenne mu rárá. Àbùkù inú jíìnì ló ń fa àrùn yìí, ọmọkùnrin ló sì sábà ń mú. Ara wọn kì í rí dystrophin ṣe, ìyẹn èròjà tó ń dáàbò bo iṣan, ni iṣan bá ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Mo ti jókòó ti ọmọ ọdún 6 kan tó ní àrùn yìí lórí ẹní. Kó tó lè dìde, ó dojú bolẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀, ó gbé ìdí sókè, ó wá ń fọwọ́ gun ara rẹ̀, láti orúnkún dé itan, títí ó fi nàró. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ tóbi. Agbára ni ìyá rẹ̀ pè é, àmọ́ àrùn náà ni. Ìyá yìí ti ka "ìmúpadàbọ̀sípò" nínú ìwé tí wọ́n fún un, ó wá bi mí pé, "Ìgbà wo ló máa padà sípò?" Mi ò rí èsì fún un.

Kí iṣan gìgísẹ̀ má baà kúrú, kí ọkàn àti èémí má baà tètè rẹ̀ ẹ́, kó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn pẹ́: ohun tí àwọn físíò àti dókítà jọ ń lé nìyẹn. Wọ́n ń gbé e ró ni. Ìdí nìyí tí mo fi mú "ìgbéró" wá. "Ikọ̀ ìgbéró" ni kí a pe àwọn tó ń ṣe é, kì í ṣe "agbéró", torí ẹni tó bá kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i ti sọ wọ́n di agbèrò inú páàkì.

Pípe ohun tí físíò ní kí wọ́n máa ṣe fún ọmọ nílé ní "eré ìdárayá" náà ò tọ́. Òbí tó bá gbọ́ ọ yóò ní kí ọmọ máa fò, kó máa sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, bẹ́ẹ̀ irú ìyẹn gan-an ló ń ba iṣan rẹ̀ jẹ́. Nínà iṣan ni físíò ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "ẹ máa nà án" sínú ìwé fún ìyá kankan, pàṣán ló máa wá sí i lọ́kàn. Ẹ kọ ọ́ pé: "Ẹ máa bá a na ẹsẹ̀ rẹ̀ láràárọ̀."