Èsì: “Àtanmọ́jú” kọ́, atànmọ́jú ni

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Iṣẹ́ ọwọ́ tí àbúrò wa ṣàlàyé fún wa dùn mọ́ mi nínú. Ó mú akèrègbè gbígbẹ, ó dá a lu káàkiri ara, ó ti gílóòbù kékeré bọ inú rẹ̀, ó gbé e sí yàrá ọmọ rẹ̀ tó ń bẹ̀rù òkùnkùn, gbogbo ògiri wá kún fún ìràwọ̀. Iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀. Orúkọ tó sọ ọ́ ni mi ò lè gbà: “àtanmọ́jú”. Ọ̀rọ̀ kan péré, ó ti ṣi ohùn méjì lò nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti iwájú bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń ṣe nǹkan la ń fi “a-” olóhùn àárín sọ lórúkọ: apẹja, aṣọ́lé, amúlétutù, agbóhùnsílẹ̀. “À-” olóhùn ìsàlẹ̀, iṣẹ́ náà gan-an tàbí ohun tí iṣẹ́ náà bí ló ń jẹ́: àlọ, àbọ̀, àṣejù, àdìrẹ. Bí ẹnì kan bá ń tan iná sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́ lójoojúmọ́, tí owó iná sì ń ga sí i, a lè bá a wí pé àtanmọ́jú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìyẹn ni “àtanmọ́jú” lè jẹ́. Kò lè jẹ́ ohun tó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ.

Èkejì ló bí mi nínú jù. Èèyàn ló ń tan iná. Iná fúnra rẹ̀, ó ń tàn ni. Lóṣù kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, wọ́n ń tan Iná Olójúmẹ́rìndínlógún, ó sì ń tàn mọ́jú. Ẹ fetí sí “tan” àti “tàn” inú gbólóhùn yẹn, kálukú ló mọ ipò rẹ̀. Ẹni tí a bá pè ní “atanmọ́jú”, ẹni tó jókòó ti ìṣáná di àfẹ̀mọ́júmọ́ ni. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní “tàn” yìí ló wà nínú ẹ̀tàn. Bí a bá ní ká máa sá fún un torí ìyẹn, a ò ní lè sọ pé òṣùpá tàn mọ́.

Àbúrò wa tún kọ ọ́ pé òun “gbẹ́” igbá. Igi là ń gbẹ́, igbá là ń fín. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn tó ń fín igbá l'Ọ́yọ̀ọ́ rí á mọ̀ pé ṣóńṣó ọ̀bẹ kì í wọlé jìnnà. Èèpo òde nìkan ló ń bó, kí funfun abẹ́ rẹ̀ lè yọ. Ibi tí a fín kò ní jẹ́ kí iná kọjá. Ibi tí a lu nìkan ni iná ń gbà jáde. Iṣẹ́ méjì ni, kí ó má pa wọ́n pọ̀. Gílóòbù àtijọ́ tó máa ń gbóná kò sì yẹ inú igbá, LED ni kó fi sí i, kó jẹ́ èyí tí iná rẹ̀ pọ́n díẹ̀, torí èyí tí iná rẹ̀ bá ní àwọ̀ aró kì í jẹ́ kí oorun tètè dé.

Bàbá wa tó ń kọ̀wé láti Ìbàdàn ní ká pa gbogbo ìyẹn tì, ká máa pè é ní àtùpà, torí àwọn ti ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Mo bọ̀wọ̀ fún ewú orí wọn. Ṣùgbọ́n àtùpà tí ìyá tó bí ìyá mi ń lò, awo amọ̀ pẹrẹsẹ ni, òwú yọ lẹ́nu rẹ̀, àdí ló ń mu. Bí òwú bá ti jó dé etí awo, ìyá á fi ìka tì í síwájú, wọ́n á sì nu ìka náà mọ́ irun orí wọn. Ẹ má gbé orúkọ ohun tó ń fẹ́ ìtọ́jú báyẹn lé ohun tí a kàn ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀.

Bàbá tún ní ká ju “fìtílà” nù torí pé ti Haúsá ni. Òótọ́ ni, ọ̀nà Haúsá ló gbà dé, Lárúbáwá ló ti wá, òwú àtùpà ló sì ń jẹ́ níbẹ̀. Síbẹ̀ ó wà nínú Bíbélì Yorùbá tó jáde lódindi ní 1884. Ẹni tó bá lé fìtílà, kó lé àlùbọ́sà, àdúrà, wákàtí àti àlàáfíà tẹ̀ lé e, ká wá wo ohun tí yóò fi kí èèyàn láàárọ̀.

Ní ti ohun tí bàbá sọ pé “tú” àti “pa” ló bí àtùpà, ohùn ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bá a mu. “Tú” kì í ṣàdédé di “tù”, “pa” náà kì í di “pà”. Kí bàbá fi ọ̀rọ̀ mìíràn kan ṣoṣo hàn wá tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, kí n tó gbà.