Jíìpù hybrid nílùú Òṣogbo: ibo gan-an ló ti ń dín owó epo kù?

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ tinú-tẹ̀yìn mọ́tò. RAV4 Hybrid tòkunbọ̀, jíìpù Toyota tó ń lo epo àti bátìrì pa pọ̀, láàárín 2016 sí 2018, ni mo fẹ́ rà, àmọ́ ẹni tó ń tà á tún ń fi Highlander Hybrid 2014 lọ̀ mí. Òkè-Baálẹ̀ sí Ògo-Olúwa ni mò ń lọ lójoojúmọ́, mo sì ń gba Ọláìyá kọjá. Tí mo bá ro gbígbé ọmọ níléèwé mọ́ ọn, kìlómítà 25 lóòjọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Mo tún ń lọ Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìyẹn bíi kìlómítà 200 àlọ àtàbọ̀. Epo mélòó ni màá rí nínú ẹ̀ ju RAV4 lásán lọ? Ṣé ó lágbára lórí òkè àti nínú ẹrẹ̀? Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Réwáyà Òkè-Fìà
Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Òǹkà EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń kéde bí mọ́tò ṣe ń mu epo, fún RAV4 Hybrid 2016 sí 2018 ni bíi mpg (máìlì fún gálọ́ọ̀nù kan) 34 nígboro, 30 lọ́nà jíjìn. Lọ́nà tiwa, lítà kan á gbé yín rin kìlómítà 14.5 nígboro, 12.8 lọ́nà jíjìn. RAV4 lásán tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà wà ní bíi 9.5 nígboro àti 12 lọ́nà jíjìn.

Kìlómítà 125 tẹ́ ẹ ń rìn nígboro lọ́sẹ̀: hybrid á mu lítà 8.6, èkejì á mu 13.2. Kìlómítà 200 ti Ìbàdàn: hybrid 15.6, èkejì 16.7. Ẹ wò ó dáadáa. Ìgboro fún yín ní lítà 4 àbọ̀, ọ̀nà Ìbàdàn ò fún yín ju lítà kan péré lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ ò pé 300 lítà lọ́dún. Tí lítà bá jẹ́ ₦900, bíi ₦265,000 nìyẹn. Iye yẹn ni kẹ́ ẹ gbé síwájú tí oníṣòwò bá ń fowó lé e nítorí pé hybrid ni.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ò le. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ẹ́ńjìnnì á kú fúnra ẹ̀, bátìrì ni yóò máa wọ́ ọkọ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, ẹ̀rọ oníná tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ á di jẹnẹrétọ̀, á kó agbára tí páàdì ì bá fi ṣòfò padà sínú bátìrì. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, tẹ́ ẹ bá ti wà lórí 110, ta ló ń tẹ bíréèkì? Afẹ́fẹ́ lẹ̀ ń bá jà, ẹ́ńjìnnì ló sì ń ru gbogbo ẹrù. Ẹ dì í mú sí 90, ẹ ó rí i pé ìwọ̀n epo sọ̀rọ̀ mìíràn.

Highlander 2014 ní tiẹ̀, V6 3.5 ló wà nínú ẹ̀, mpg 28 lápapọ̀, bíi kìlómítà 12 fún lítà kan. Bí kì í bá ṣe èèyàn méje lẹ fẹ́ máa kó, ẹ fi sílẹ̀.

Awakọ̀ Ìkìrun Road
Ẹ̀gbọ́n Réwáyà, ìṣirò yín dáa, àmọ́ orí ìwé ló wà. Ẹni tó ń rin kìlómítà méjì-méjì tó ń pa ọkọ̀, tó tún ń tàn án, kò lè rí 14.5. Ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá tan án tútù, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ títí á fi gbóná, kódà kẹ́ ẹ dúró sójú kan. Éèsì náà ń mu látinú bátìrì ńlá, torí náà nínú oòrùn ọ̀sán, ẹ́ńjìnnì á máa tàn láti fi iná kún un bẹ́ ẹ tiẹ̀ wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ.

Ẹ má fọkàn tán iye tí dáṣíbọ́ọ̀dù ń kọ, ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín. Ẹ rọ epo títí ẹnu páńpù á fi já, ẹ má fi kún un. Ẹ dá trip A, òǹkà kìlómítà ìrìn tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, padà sí òdo. Ẹ rìn tó kìlómítà 300 ó kéré tán, kẹ́ ẹ padà sí ilé epo kan náà, páńpù kan náà, torí mítà wọn ò dọ́gba. Ẹ rọ ọ́ títí á fi já, kẹ́ ẹ fi iye lítà pín kìlómítà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́.

Ti òkè: 194 ni agbára ẹṣin rẹ̀, ti RAV4 lásán jẹ́ 176, ẹ̀rọ oníná sì ń ta jíà lójú ẹsẹ̀. Ti ẹrẹ̀ ni kẹ́ ẹ fura sí. Kò sí ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ iwájú mọ́ tẹ̀yìn, ẹ̀rọ oníná kékeré ló ń yí tẹ̀yìn. Ó tó fún ibi tó ń yọ̀, kò tó fún ibi tí ọkọ̀ ti rì.

Réwáyà Òkè-Fìà
Òótọ́ lẹ sọ. Ó wá ku bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò jù.

Bátìrì RAV4 yẹn, páálí (bátìrì kékeré) 34 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ volt 7.2 ni wọ́n so pọ̀, àpapọ̀ ẹ̀ volt 244.8. Ẹyọ kan tó bá rẹ̀ á fa gbogbo ìyókù sílẹ̀. Ẹ mú skana, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀, tó lè ka hybrid lọ, ẹ tan éèsì, kẹ́ ẹ wa ọkọ̀ náà tó ìṣẹ́jú 30, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ gun òkè. Ẹ wo volt àwọn páálí náà bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Tí ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí tó ga jù àtèyí tó kéré jù ò ju 0.3 lọ, ó dáa. Tó bá ti ń kọjá 1, ẹ padà sílé. Ẹ tún wo àmì bátìrì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù: èyí tó ń kún fọ́fọ́ tó sì ń gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ti ń ṣàìsàn.

Kóòdù àṣìṣe tí ẹ ń wá lójú skana ni P0A80, èyí tó ń sọ pé bátìrì ńlá ti bàjẹ́. Tẹ́ ẹ ò bá sì rí kóòdù kankan, ẹ má tíì yọ̀. Skana máa ń sọ iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn láti ìgbà tí wọ́n ti pa kóòdù rẹ́ kẹ́yìn. Tó bá jẹ́ kìlómítà 4, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n ṣe láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ohun tó ń pa bátìrì níbí ni ooru àti eruku. Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ni fáànù ń fà láti tù ú lára, ihò tó ń gbà wọlé sì wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹ tẹ ọwọ́ bọ ibẹ̀: ọ̀pọ̀ ìgbà, eruku ọyẹ́ á ti di bí òwú lójú filtà. Ẹ pa ọkọ̀ pátápátá, ẹ fa ìbòrí ihò náà yọ, ẹ yọ filtà, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fi vacuum fà á. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ fọkanáísà fẹ́ inú ihò yẹn o, ṣe lẹ máa ti eruku wọ inú bátìrì. Lásìkò ọyẹ́, oṣooṣù ni kẹ́ ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Kẹ́ ẹ sì sọ fáwọn ọmọ kí wọ́n má gbé báàgì dí i.

Oní-Éèsì Old Garage
Ẹ gbàgbé èyí tó ń mú wa sunkún. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ éèsì hybrid kì í ṣe oníbẹ́líìtì, iná bátìrì ńlá ló ń yí i, waya ẹ̀ sì wà nínú òróró rẹ̀. ND-11 ni òróró náà. Tí ẹni tó ń rọ gáàsì bá da PAG, òróró éèsì tí gbogbo ayé ń lò, sí i, iná á máa jò gba inú òróró, kóòdù P0AA6 á yọ, ọkọ̀ lè kọ̀ láti tàn mọ́. Kódà PAG tó ṣẹ́ kù sínú páìpù gáàsì tiwa lè tó. Ẹ béèrè òróró tó fẹ́ lò kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Tí ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ wá ẹlòmíì.

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀
Ẹ ṣeun púpọ̀ ẹ̀yin àgbà. Tí mo bá wá fi owó kún un, kí n mú ti 2019, ṣé ìyàtọ̀ wà?

Réwáyà Òkè-Fìà
Ó wà. mpg 41 nígboro, 38 lọ́nà jíjìn: ìrìn yín kan náà lọ́sẹ̀ á bọ́ sí lítà 20 dípò 24. Ọ̀nà Ìbàdàn gan-an lẹ ti máa rí èrè ẹ̀. Àmọ́ ohun méjì wà nínú ẹ̀. Táńkì ti 2019 àti 2020 máa ń tètè já páńpù, wọ́n ní lítà 55 ni, kì í sì í gbà tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n tí Awakọ̀ kọ́ yín lókè yẹn lè má gún lórí ẹ̀.

Èkejì le jù. Ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹ wo waya aláwọ̀ ọsàn tó wọ ẹ̀rọ oníná ẹ̀yìn, níbi tí ẹnu rẹ̀ ti kì bọ ọ́. Ojú lẹ máa fi wò ó, ẹ má fọwọ́ kàn án, iná tó ń pààyàn ló wà nínú ẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín ní Kánádà àti àríwá Amẹ́ríkà máa ń jẹ ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ìpẹtà funfun tàbí aláwọ̀ ewé lẹ́nu ẹ̀, gbogbo waya náà ni wọ́n máa pààrọ̀, kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń jó lẹ́ẹ̀dì sí.