Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ilé alámọ̀ Ìlọrin: ó ti yanjú

Ẹ rántí ìbéèrè mi: àwọn wo ló gbé ilé àtijọ́ tó wà nítòsí Ọjà-Ọba yẹn, kí ló sì ń jẹ ẹsẹ̀ ògiri rẹ̀? Alhaji tó ní ká wo ibi tí ògiri ti pàdé, Ọlọ́run á san yín lẹ́san.

Yàrá ẹ̀yìn, amọ̀ tí wọ́n fọwọ́ mọ ní ipele ni, ó nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀: ti onílé nìyẹn. Búlọ́ọ̀kù ni tiwájú, wọn ò sì so ó mọ́ ti ẹ̀yìn, ló fi ya gbọọrọ láti òkè dé ilẹ̀. Ayálégbé ni wọ́n kọ́ ọ fún, lẹ́yìn tí Ìlọrin di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ní 1967. Rìsíìtì owó ilé fi hàn pé tíṣà ló kọ́kọ́ gbé e, télọ̀ tẹ̀ lé e, ká tó wá kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ amọ̀ ló fa jíjẹ yẹn. Omi ń fà gòkè láti ilẹ̀, sìmẹ́ǹtì ò jẹ́ kó gbẹ, amọ̀ inú wá ń rọ̀. Ẹ ha sìmẹ́ǹtì náà kúrò láti ilẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kó gbẹ dáadáa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kẹ́ ẹ wá fi amọ̀, iyanrìn àti koríko gígé rẹ́ ẹ. Ẹ má sì gbàgbé gọ́tà. Omi páànù ń ta sí ẹsẹ̀ ògiri náà.