Nípa orúkọ ìlú inú ilẹ̀ tí àwọn ọmọ Òṣogbo ń kọ́: kí ni "egbére" àti "abẹ́lẹ̀" ń ṣe níbẹ̀?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín.

Mo ti ka àbá tí ọ̀gá wa tí ó ń kọ̀wé láti Ọ̀fà mú wá, pé "Ìlú Egbére Abẹ́lẹ̀" ni kí a máa pe ìlú tí àwọn ọmọ wa níbí ń kọ́ sínú ilẹ̀ nínú Minecraft, eré orí kọ̀ǹpútà tí a ti ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé. Mo ka àwọn èsì tí ó tẹ̀lé e pẹ̀lú, títí dé ibi tí ẹnìkan ti kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ ti parí, nítorí pé ó ti lé ní ọdún 30 tí ọ̀gá ti ń kọ́ni ní Yorùbá. Mo bọ̀wọ̀ fún ọdún 30 náà tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì parí, nítorí pé nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó wà nínú orúkọ yẹn, "ìlú" nìkan ni ó bá ohun tí a ń wí mu.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé náà. Búlọ́ọ̀kù ni gbogbo ohun tí ó wà nínú eré yìí, ìwọ̀n mítà kan ni ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan rẹ̀, láti ọdún 2021 sì ni wọ́n ti sọ ilẹ̀ rẹ̀ di jíjìn tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè gbẹ́ ẹ kọjá ìpele òdo dé ìpele 64 nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí àpáta tí kò ṣeé fọ́ wà. Àwọn ọmọ àbúrò mi méjì àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n jọ ń kọ́ ìlú náà, olúkúlùkù pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀: èyí ń gbẹ́ ọ̀nà, èyí ń to òpó, èyí sì ń la ojú ọ̀nà fún omi iná, ìyẹn òkúta tí ó yọ́ bí omi, kí ó lè máa tan ìmọ́lẹ̀ sí ibi tí wọ́n fi ṣe àgbẹ̀dẹ. Wọ́n ń fi ètùfù sí ara ògiri káàkiri, nítorí pé inú òkùnkùn ni àwọn ẹ̀dá abàmì ti ń jáde, kò sì sí ẹni tí ó bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí "ètùfù", nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ kí a tó bí wa. Àwọn tí wọ́n ní ìlú náà nínú ìtàn tí àwọn ọmọ ń tẹ̀lé jẹ́ ènìyàn kúkúrú onírùngbọ̀n, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "dwarf", tí wọ́n ń wa òkúta iyebíye, tí wọ́n sì ń rọ irin. Inú ìtàn àtijọ́ àwọn ará àríwá Yúróòpù ni wọ́n ti wá, níbi tí a ti gbọ́ pé àwọn ni wọ́n rọ òòlù fún Thor, òrìṣà àrá wọn. Iṣẹ́ irin ni a fi ń dá wọn mọ̀. Kókó ọ̀rọ̀ mi nìyẹn.

Ǹjẹ́ egbére ń rọ irin bí? Gbogbo wa ni a gbọ́ ìtàn rẹ̀ láti kékeré: ó kúrú, ó gbé ẹní rẹ̀ lọ́wọ́, ẹkún ni ó ń sun kiri inú igbó lóru, ẹni tí ó bá sì lè gba ẹní náà lọ́wọ́ rẹ̀ ti di olówó. Níbo ni ẹnikẹ́ni ti gbọ́ ọ rí pé egbére méjì pàdé tí wọ́n tẹ ìlú dó, tàbí pé egbére mú ẹ̀mú lọ́wọ́? Ìdúró ara nìkan ni ọ̀gá wa wò, tí ó fi gbé orúkọ ẹni tí ń sunkún fún àwọn tí ń lu owú.

Àwọn tí wọ́n dábàá "aràrá" dípò egbére tún bí mi nínú ju bẹ́ẹ̀ lọ. N kò fẹ́ dá sí ìjà ohùn tí ó ń lọ láàárín àwọn tí ń kọ ọ́ ní "arará" àti àwọn tí ń kọ ọ́ ní "aràrá", bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé "aràrá" ni mo gbọ́ lẹ́nu àwọn tí wọ́n tọ́ mi. Ohun tí ó kàn mí ni pé ènìyàn ni aràrá. Ẹni òrìṣà ni wọ́n, bí àfín àti abuké, ọwọ́ Ọbàtálá ni àwọn àgbà sì fi wọ́n sí kí ẹnikẹ́ni má baà fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Aràrá kan lè jẹ́ aládùúgbò wa, ó sì lè gbọ́ tí ọmọdé ń pariwo orúkọ yìí nínú eré. Kí ni a ó sọ fún un?

Mo wá dé orí "abẹ́lẹ̀". Alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀, nítorí náà kí ẹ gbà mí láàyè. Òótọ́ ni pé abẹ́ àti ilẹ̀ ni wọ́n bí i, ṣùgbọ́n ìpajẹ ti wáyé níbẹ̀, fáwẹ́lì ti lọ, ìtumọ̀ àkọ́kọ́ sì ti bá a lọ. Bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé òun ń ṣe nǹkan lábẹ́lẹ̀, n kò ní lọ wá a nínú kòtò. Mo ti mọ̀ pé kò fẹ́ kí aráyé rí òun ni. Nígbà tí a bá ń sọ ibi tí nǹkan wà, a kì í sábà pa á jẹ: omi abẹ́ ilẹ̀ ni a ń wí. "Ìlú abẹ́lẹ̀", ní etí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá, ìlú ìkọ̀kọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí kò fi ohunkóhun pa mọ́. Bí a bá sì gbàgbé àmì, "abẹ́lé" ni yóò dà, gẹ́gẹ́ bí ìdìbò abẹ́lé tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ń ṣe.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò fi "iléèwé" bi mí, pé ṣebí ilé àti ìwé ṣì ń gbọ́ nínú rẹ̀. Àrànmọ́ ni ti iléèwé, kì í ṣe ìpajẹ. Fáwẹ́lì méjèèjì ṣì jókòó sí ààyè wọn, ọ̀kan kàn fara wé èkejì ni. Ibi tí fáwẹ́lì bá ti já kúrò pátápátá ni ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó mọ èyí ju ọmọ ìlú wa lọ. Ìtàn sọ pé nígbà tí Láróòyè àti Tìmẹ́yìn, àwọn tí wọ́n tẹ ìlú wa dó, gé igi tí ó wó sínú odò, ohùn kan ké láti inú omi pé àwọn oṣó igbó ti fọ́ ìkòkò aró òun. Oṣó igbó ni ó di Òṣogbo. Ta ni ó ń gbọ́ oṣó nínú rẹ̀ lónìí nígbà tí ó bá ń wọ mọ́tò lọ sí Òkè-Fíà? Àtáọ́ja, orúkọ oyè ọba wa, pẹ̀lú, a-tẹ́wọ́-gba-ẹja ni. Ẹja náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wẹ̀ kúrò nínú orúkọ.

Ẹnìkan kọ ọ́ pé ìlú àròsọ kò nílò kí a fi òfin ìlú gidi sọ ọ́ lórúkọ. Kí ó wá sí Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Àwọn ère tí Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bí Adebisi Akanji jọ fi sìmẹ́ǹtì mọ síbẹ̀ ní ìrísí tí ojú kò rí rí, síbẹ̀ orúkọ tí òrìṣà ti ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́.

"Ìlú Awakùsà" ìbá tẹ́ mi lọ́rùn nípa gírámà, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a ti ń lò ni. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti rí bí omi Ọ̀ṣun ṣe pọ́n nítorí àwọn tí ń wa wúrà lókè odò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò lè fi ọ̀rọ̀ náà sọ ọmọ wa lórúkọ.

Ohun tí mo mú wá ni "Ìsàlẹ̀-Àgbẹ̀dẹ". Bí a ti ń sọ àdúgbò lórúkọ nìyẹn: Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun wà, Ìsàlẹ̀ Èkó wà, kò sí ẹni tí yóò rò pé ibi ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n. Àwọn tí ń gbé ibẹ̀ yóò máa jẹ́ ará Ìsàlẹ̀-Àgbẹ̀dẹ, a kò sì ní pe ìdúró ẹnikẹ́ni mọ́ ọn lára. Bàbá bàbá mi rọ ọkọ́ àti àdá títí ojú rẹ̀ fi ṣókùnkùn. Nígbà tí mo rí i tí ọmọ àbúrò mi gbé ẹwìrì sí ẹ̀gbẹ́ iná nínú ìlú yẹn, tí ó sì bi mí ohun tí wọ́n ń pè é, ó dùn mọ́ mi pé mo ní ọ̀rọ̀ tí mo lè fún un, tí kì í ṣe èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ hun.

Ọ̀gá ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi pé "isà", bí ti isà òkú, ni ó wà nínú ìsàlẹ̀, àti pé mo fẹ́ sọ ìlú àwọn ọmọ di itẹ́ òkú. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, ọ̀gá mi. Ohùn àárín ni isà fi bẹ̀rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ni ìsàlẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún wa ibi tí ohùn àárín yẹn gbà lọ, kí a tó máa bá a lọ.

Ní Sátidé ni àwọn ọmọ yóò fi búlọ́ọ̀kù kọ orúkọ sí orí ẹnu ibodè. Wọ́n ti fi àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún, irú èyí tí a ń tàn lásìkò ọdún Ọ̀ṣun, sí àárín ọjà. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ lókè fún àmì ohùn márùn-ún, kí wọ́n sì gbé lẹ́tà sókè díẹ̀ kí àmì ìsàlẹ̀ mẹ́ta lè rí ibi jókòó sí. Ẹni tí ó bá ní àtakò, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ kí ó tó di ọjọ́ náà.