Ìṣúnlò átọ́ọ̀mù ni ká pè é, kì í ṣe ọrọ̀-ajé átọ́ọ̀mù

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n. Mo rí i tẹ́ ẹ kọ ọ́ pé ọrọ̀-ajé átọ́ọ̀mù ni ká máa pe atom economy nínú nóòtì kẹ́mísìtírì táwọn tíṣà ń ṣe fáwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì l'Ádó-Èkìtì níbí, ẹ má bínú sí mi, mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ọmọ tó bá gbọ́ ọrọ̀-ajé, ọjà àti owó ìjọba lọkàn ẹ̀ máa lọ. Ohun tí Barry Trost, onímọ̀ kẹ́mísìtírì ará Amẹ́ríkà, ń wí nígbà tó gbé ọ̀rọ̀ náà jáde lọ́dún 1991 ò kan owó: nínú gbogbo átọ́ọ̀mù tá a dà sínú ìkòkò, èló ló wọnú ohun tá a fẹ́ ṣe gan-an, èló ló di pàǹtí? Ìṣúnlò nìyẹn. A ṣáà ń ní kéèyàn ṣún owó ná, kó ṣún omi lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àbúrò kan wá ní ìkórè (yield, ìyẹn ìdá tó bọ́ sí wa lọ́wọ́ nínú ohun tó yẹ ká rí) ti tó, kí la tún ń wá ọ̀rọ̀ tuntun sí. Rárá o! Ẹ wo ríákṣọ̀n Wittig tó ń fi kẹ́míkà kan tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì (ylide) sọ cyclohexanone di methylenecyclohexane. Ká ní gbogbo ẹ̀ jáde láìku ẹyọ kan, ìkórè yín pé 100 nínú 100, àmọ́ ẹ wo ìwọ̀n mólékù wọn wò, 98 ti cyclohexanone àti 276 ti ylide ló wọlé, ìyẹn 374, ohun tá a ń wá ò ju 96 péré lọ, 278 tó kù triphenylphosphine oxide ni, ẹrù tó ṣòroó yọ kúrò. Ìṣúnlò ẹ̀ ò pé 26 nínú 100. Ríákṣọ̀n Diels-Alder, tó ń so mólékù méjì pọ̀ di ẹyọ kan, ní tiẹ̀ kì í da nǹkan kan nù.

Èmi ì bá ti orí ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ fáwọn ọmọ, torí wọ́n ń rí i táwọn ìyá ń sè é. Epo pupa pẹ̀lú kọ́sítíìkì sódà, ọṣẹ ló ń kó nǹkan bí 90 nínú 100, gilisẹ́ríìnì kó ìyókù, wọn ò sì kí ń yọ ọ́ kúrò nínú ọṣẹ àbáláyé, inú ẹ̀ ló ń wà tó ń mú ara dán.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ lo ọrọ̀-ajé, ẹ fi í sílẹ̀ fún iye tí wọ́n ra kẹ́míkà, torí ríákṣọ̀n lè ṣún átọ́ọ̀mù lò dáadáa kí irin páládíọ̀mù tí wọ́n fi ń mú un yá sì wọ́n bí ojú.