Kátálísì mọ́tò mi (èyí tó ń dín oró èéfín kù nídìí sàlẹ́ńsà) ti dí, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ tòkúnbọ̀ tó dáa?

Ẹ̀yin tẹ́ẹ mọ̀ nípa mọ́tò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Corolla 2006 ni mo ń wà n'Íbàdàn, tí mo bá ti ń gun òkè Mọ́kọ́lá báyìí kì í fà mọ́, ẹ́ńjìnnì á kàn máa ké, abẹ́ ọkọ̀ á gbóná janjan. Mo ti pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, pàbó. Kọ̀ǹpútà gbé P0420 jáde (kóòdù pé kátálísì ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́), rewáyà wá tú ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ iwájú, èyí tó wà ṣáájú kátálísì, kí èéfín lè gba ihò ẹ̀ jáde, a wà á bẹ́ẹ̀ díẹ̀, kíá ló ń fà (ariwo ẹ̀ pọ̀ o!). Mẹkáníìkì ní ká gún inú kátálísì yẹn dànù, ọkàn mi ò gbà á rárá torí èéfín olóró, ọmọ là ń gbé sínú mọ́tò yìí. Tí mo bá fẹ́ ra tòkúnbọ̀, kí ni kí n yẹ̀ wò lára ẹ̀ kí n tó sanwó, tí màá fi mọ̀ pé inú ẹ̀ ò tíì dí?